Akáńtáǹtì mi ní kí n pín kọ́ńpìnnì sí méjì

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè tètè bínú. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn gba gbogbo ẹ̀dínwó tí òfin owó orí bá kọ sílẹ̀ fún un. Mo máa ń gba tèmi, tí akáńtáǹtì mi bá sì gbàgbé ọ̀kan, mo lè pè é lóru. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí òfin ò kọ̀, tí ara mi ò sì gbà, ó sì ti ń dà mí láàmú látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Mo ti bá èèyàn jiyàn lórí ẹ̀ níbi ìgbéyàwó, nínú mọ́tò, lórí WhatsApp, púpọ̀ nínú wọn ló sì sọ fún mi pé mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Bóyá lóòótọ́ ni. Ẹ kà á ná, ó máa gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn ò lè tẹ̀ níbẹ̀: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò ìsìnkú, páálí oògùn, ìwé ọmọ iléèwé, pósítà olóṣèlú tí wọn ò ní san owó ẹ̀ tán títí ìbò á fi kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo lówó o. Látìgbà tí dọ́là ti fò lọ sókè ní 2023, bébà gbówó lórí, íńkì gbówó lórí, pléètì gbówó lórí, dísù jẹnẹrétọ̀ ò ṣe é sọ. Nítorí náà owó tó ń gba ọwọ́ mi kọjá lọ́dún ti wá pọ̀ bí owó ẹni ńlá, àmọ́ tí wọ́n bá ti kó ti bébà, ti dísù àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, ohun tó ń kù sílẹ̀ fún mi, ẹ fi mí sílẹ̀.

Akáńtáǹtì mi, ọmọ dáadáa ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ti ṣe ICAN, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì, tán, kì í purọ́ fún ìjọba, kì í sì í jẹ́ kí kásítọ́mà ẹ̀ purọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè ni mò ń sọ níbí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jókòó lórí rímù bébà, ó fa pósítà kan tó ti bàjẹ́ yọ nínú ìdọ̀tí, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ḿbà síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Òfin tuntun yìí ní tí ọjà tí kọ́ńpìnnì ń tà lọ́dún ò bá kọjá mílíọ̀nù 100, tí dúkìá rẹ̀ ò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, kọ́ńpìnnì kékeré ni. Kò ní san owó orí kankan lórí èrè. Òdo. Ṣùgbọ́n tó bá ti ré kọjá mílíọ̀nù 100 yẹn, kódà kó jẹ́ náírà kan, 30% ni lórí gbogbo èrè, wọ́n á tún gba 4% èrè fún development levy, ìyẹn owó ìdàgbàsókè. Ká ní ẹ ta ọjà mílíọ̀nù 100, ẹ jèrè mílíọ̀nù 10, ẹ ò san nǹkan kan. Lọ́dún kejì Ọlọ́run bù kún un, ẹ ta mílíọ̀nù 105, ẹ jèrè mílíọ̀nù 10 àbọ̀. Ẹ máa san mílíọ̀nù 3 àti 570,000. Èrè tó wọlé lórí ọjà mílíọ̀nù 5 tó lé yẹn ò sì ju 500,000 lọ. Ṣé ẹ rí i? Ìbùkún Ọlọ́run yẹn ló máa kó yín sí gbèsè."

Mo rí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó kọ òfin yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, Taiwo Oyedele àti ìgbìmọ̀ ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, wọ́n mú ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò ju 800,000 kúrò nínú owó orí pátápátá, ìyẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n mọ sí mílíọ̀nù 100 yìí ga jù. Láyé àtijọ́, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀: lábẹ́ òfin 2019, ẹni tó bá wà láàárín mílíọ̀nù 25 sí 100 ń san 20%, ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń san 30%. Ní báyìí, òdo ni tàbí gbogbo ẹ̀. Ẹ máa rí i, àìmọye kọ́ńpìnnì ni ọjà wọn máa dúró sí mílíọ̀nù 99 lọ́dọọdún bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dè é.

Ohun tí àbúrò mi yìí wá ní kí n ṣe nìyí. Kí n forúkọ kọ́ńpìnnì kejì sílẹ̀, ní orúkọ ìyàwó mi. Kọ́ńpìnnì ti àkọ́kọ́ á máa tẹ̀wé, ti ìyàwó mi á máa ta bébà, á sì máa ṣe cutting àti laminating. Tí kásítọ́mà bá gbé iṣẹ́ wá, ìwé owó méjì ni a máa kọ fún un. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ̀rọ kan náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ kan náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà, àmọ́ lójú ìwé, kọ́ńpìnnì kékeré méjì tí ìkankan nínú wọn ò kan mílíọ̀nù 60. Òdo lápá ọ̀tún, òdo lápá òsì.

Mo ní, "Àbúrò, tísà nìyàwó mi. Kò mọ bébà bond yàtọ̀ sí bébà art."

Ó ní, "Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ṣáà ti máa sáìn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Duke of Westminster fún mi. Kò sí akáńtáǹtì tàbí lọ́ọ̀yà tó kọ́ ẹ̀kọ́ owó orí ní Nàìjíríà tí ò mọ ìtàn yìí, torí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti gba òfin wa. Ọlọ́lá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára àwọn tó lówó jù níbẹ̀, ó ní ọkùnrin kan tó ń bá a tọ́jú ọgbà. Owó oṣù tó ń san fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹ̀, kò lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìwé àdéhùn ló kọ pé òun á máa fún ẹnì kan ní iye báyìí fún ọdún mélòó kan, ó lè yọ ìyẹn. Làwọn lọ́ọ̀yà ẹ̀ bá kọ ìwé àdéhùn fún ọlọ́gbà, wọ́n ní owó yìí kì í ṣe owó iṣẹ́ o, wọ́n wá fi lẹ́tà kan tì í pé àwọn retí pé kò ní máa béèrè owó iṣẹ́ tó pé mọ́ níwọ̀n ìgbà tó ti ń rí ti ìwé àdéhùn gbà. Bàbá ọlọ́gbà ń tọ́jú ọgbà lọ bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, ní 1935, ọlọ́lá jàre. Lord Tomlin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, sọ ohun tí gbogbo akáńtáǹtì ń fi ṣe àdúrà títí dòní, pé ẹnikẹ́ni ló ní ẹ̀tọ́ láti to ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kí owó orí ẹ̀ lè dín kù, tó bá sì rí i ṣe, ì báà máa bí àwọn agbowó orí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń san tiwọn nínú, ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú un san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi ò sọ ìyókù ìtàn náà fún mi, èmi ni mo lọ wá a. Ní 1981, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Ramsay, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń di àsejù, wọ́n ní táwọn bá rí ètò tí wọ́n kàn tò pọ̀ torí àtiyẹ owó orí, gbogbo ètò náà lápapọ̀ làwọn á máa wò, kì í ṣe ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa náà ti ní gbólóhùn kan nínú òfin tiwa tipẹ́, pé àwọn agbowó orí lè fọwọ́ rọ́ ìdókòwò àtọwọ́dá sẹ́yìn kí wọ́n sì ṣírò owó bíi pé kò sí i. Nítorí náà kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní "òfin ò kọ̀ ọ́" ni òfin ò kọ̀ lóòótọ́. Ìdílé ọlọ́lá yẹn ṣì wà o. Nígbà tí Duke kẹfà kú ní 2016, ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 25 jókòó ti ọrọ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn ní ó tó bílíọ̀nù 9 pọ́n-ùn, trust, ìyẹn ètò tí àwọn kan fi ń di dúkìá mú fún ẹlòmíì, ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sí, owó orí ogún 40% tí àwọn ará ibẹ̀ ń san ò sì bẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń bẹ ẹlòmíì wò. Gbogbo ẹ̀ ló bófin mu.

Ó dáa. Kí ló wá yàtọ̀ láàárín èyí àti ẹ̀dínwó tí mo ní mo máa ń gbà?

Ẹ wo rent relief tó wà nínú òfin tuntun. Ẹni tó ń gba ilé gbé lè yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún kúrò, tí kò bá ti ju 500,000 lọ. Ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni, torí wọ́n mọ̀ pé owó ilé ń pa èèyàn. Ẹni tó bá gbà á, tó gba ilé gbé lóòótọ́, kò yẹ nǹkan kan sílẹ̀. Ti pẹ́ńṣọ̀n náà nìyẹn. Ti ẹ̀rọ tí mo rà náà nìyẹn, ìjọba fẹ́ kí n ra ẹ̀rọ, kí n gba ọmọ iṣẹ́ sí i, ni wọ́n ṣe ní kí n máa yọ iye ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èrè. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, kí ẹ béèrè kọ́ńpìnnì ìyàwó mi tó ń ta bébà, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ ni mo fi ààlà sí. Tó bá jẹ́ pé tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìyàwó mi ń ta bébà, tó ní igbá tiẹ̀, tó ní kásítọ́mà tiẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan sọ, kó máa ṣe tiẹ̀ lọ. Àmọ́ kọ́ńpìnnì tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe kò ju kó má jẹ́ kí n sanwó lọ, eré orí ìtàgé nìyẹn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa bi mí. Wọ́n ti ń bi mí. Kí ni ìjọba ṣe fún ẹ?

Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré torí òun ló lágbára jù nínú gbogbo àwíjàre wọn. Iná, èmi ni mo ń pèsè ẹ̀. Omi, kànga tí lánlọ́ọ̀dù gbẹ́ ni. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọdọọdún là ń dáwó kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀, tí òjò bá rọ̀ ní July, omi á tún wọlé, rímù bébà tó wà nísàlẹ̀ á mu omi wú bí búrẹ́dì inú tíì. Fijilántì tó ń ṣọ́ òpópónà lóru, àwa là ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí n wá kó mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀ fún àwọn tá a máa rí nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ra mọ́tò olówó ńlá. Inú á bí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí èmi náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn tó ti ní jẹnẹrétọ̀ àti kànga ni. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa rí. Òfin tuntun sọ pé kò yẹ kí irú wọn san owó orí, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀ ò ka òfin kankan. Mo ti rí àpò áprọ́ọ̀nù ìyá náà rí, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ pupa, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n fi báírò kọ, èyí tí ò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára, ó lọ́ wọn pọ̀ mọ́ owó náírà, ó ní tí òun bá sọ ọ̀kan nù wọ́n á tún gbà á. Tó bá fi 1,000 ra dátà, VAT 7.5%, ìyẹn owó orí ọjà, ti wà nínú ẹ̀, kò sí akáńtáǹtì tó lè bá a pín fóònù ẹ̀ sí méjì. Ìyàwó mi náà ńkọ́? Tísà iléèwé aládàáni, PAYE ni, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, wọ́n ti yọ ọ́ kó tó rí owó ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì yẹn fún un, ó wò mí, ó ní, "Daddy, tèmi, wọn kì í bi mí kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ wá fẹ́ fi orúkọ èmi náà yọ tiyín?"

Mi ò rí èsì fọ̀ sí i.

Ní 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò jẹ́ adelé ààrẹ, tí wọ́n ń ṣe ètò VAIDS tí wọ́n fi ní kí àwọn tó jẹ owó orí wá san án kí wọ́n má bàa fìyà jẹ wọ́n, wọ́n sọ nọ́ḿbà kan tó yà mí lẹ́nu: gbogbo àwọn tó ń san mílíọ̀nù 20 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní owó orí, 214 péré ni wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà, Èkó ni gbogbo wọn sì wà. Ẹ ronú sí àwọn ilé tó wà ní Àbújá nìkan. Ẹ ronú sí Port Harcourt, sí Kánò. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rú òfin o, mo gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kàn ní akáńtáǹtì tó mọṣẹ́. Àwọn ńlá gan-an tiẹ̀ wà tó jẹ́ ìjọba ló fi òfin yẹ owó orí fún wọn: NLNG tó ń ta gáàsì gba ìsinmi owó orí ọdún 10, ó wà nínú òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Bóyá ó tọ́ bóyá kò tọ́, ìyẹn wà lórí tábìlì, gbogbo èèyàn lè kà á kó sì bínú sí i. Ohun tí wọ́n ṣe ní gbangba, èèyàn lè bá wọn jà lórí ẹ̀.

Ìjà yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Bàbá bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ni, lọ́nà Akanran, lẹ́yìn Ìbàdàn. Bàbá mi ló máa ń sọ fún wa pé agolo mílíìkì kan wà tí bàbá àgbà fi ń tọ́jú rìsíìtì owó orí, ó máa ń há a sábẹ́ òrùlé ahéré, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Torí tí akọ́dà, ẹ̀ṣọ́ kánsù tó ń gba owó orí kiri, bá dé, tí o ò bá rí rìsíìtì fi hàn, wọ́n á mú ọ lọ ni. Lọ́dún tí kòkó ò bá sì lówó lórí, tí owó ò sí, àgbàlagbà tó níyàwó tó lọ́mọ á máa sùn sábẹ́ igi kòkó kí wọ́n má bàa bá a nílé. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn. Kí kálukú wábi sá sí, kí wọ́n mú ẹni tí ò lè sáré.

Nígbà tó di 1968, àwọn àgbẹ̀ jáde nínú igbó, wọ́n dìde sí ìjọba. Agbẹ́kọ̀yà ni wọ́n ń pè wọ́n. Mi ò ní bu iyì fún gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé, ní July 1969, sójà àti ọlọ́pàá náà pa àgbẹ̀ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè, torí ó jọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Wọn ò ní àwọn ò san owó orí. 30 ṣílè ni wọ́n ní àwọn á san, òkẹ́ mẹ́fà. Wọ́n dárúkọ iye. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà oko, kí akọ́dà yé fi ipá gbowó, kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń jẹ abúlé run kúrò, kí wọ́n fi owó kún kòkó. Nígbà tí Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wá lọ bá Tafá Adéoyè tó jẹ́ olórí wọn sọ̀rọ̀, pọ́n-ùn 2 ni wọ́n parí ẹ̀ sí. 40 ṣílè nìyẹn. Ó ju ohun tí wọ́n ní àwọn á san lọ, wọ́n sì gbà á, torí wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wọn. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá, wọn ò sì ní ẹnì kankan tó ń gbẹnu sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ara wọn lọ sí ààfin Aké, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n kọrin bú Aláké, wọ́n sùn síbẹ̀. January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin náà dúró. Àwọn tó lówó pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí, oníṣòwò ńlá ló wà níbẹ̀, ó dá mi lójú pé wọ́n lè wá ọ̀nà kọ̀rọ̀ fún ara wọn. Gbangba ni wọ́n gbé e sí.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: ẹni tó kọ̀ láti san owó orí ní gbangba, tó ní "mi ò san títí ẹ ó fi ṣe ọ̀nà", ó rú òfin, ọlọ́pàá lè mú un, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó gba ẹ̀yìn òfin yọ láìrú ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ bá ìlú jà torí ìlú. Ẹnì kejì, òun nìkan ló yọ, ọ̀rọ̀ sì parí lọ́dọ̀ ẹ̀. Kò ní kọ lẹ́tà sí kánsù, kò ní lọ sí ìpàdé, kí ló kàn án? Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ gan-an kì í ṣe owó. Ó jẹ́ pé àwọn tó lè yọ yìí, tí wọ́n mọ̀wé, tí wọ́n mọ lọ́ọ̀yà, tí fóònù wọn ní nọ́ḿbà ọnọ́rébù, àwọn gan-an ni ìjọba ì bá bẹ̀rù ká ní owó wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ tán, ó ku ìyá oní-tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló máa dá a lóhùn? Bàbá àgbà jáde nínú igbó kòkó, èmi ọmọ ọmọ ẹ̀ wá fẹ́ padà wọ igbó, igbó tó ní éà-kọ̀ndíṣọ̀nà.

Àwọn kan á ní ìgbà ayé Awólọ́wọ̀ nìyẹn, owó orí ìgbà yẹn ń ṣiṣẹ́. Ìtàn tí wọ́n fi oyin pa ni. Nígbà tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n gbé owó kan kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ san, àwọn baba wa kórìíra ẹ̀ débi pé nígbà ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn du ipò, ló borí ní Western Region, nílé Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ san án, kò sẹ́ni tó gbàgbọ́. January 1955, iléèwé ṣílẹ̀kùn, iye ọmọ tó wà ní praímárì kúrò ní nǹkan bíi 457,000, ó lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Bàbá mi wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó fọwọ́ gba etí kọjá orí kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ká ní bàbá àgbà rí ẹni bá a pín oko kòkó sí méjì lórí ìwé lọ́dún yẹn, ì bá ṣe é, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sì mọ ibi tí èmi ì bá wà lónìí, bóyá ẹ ò ní máa ka ìranù mi yìí.

Kí ẹ má ṣi mí gbọ́ ṣá o. Mi ò san owó orí torí pé ìjọba dáa. Owó orí kọ́ńpìnnì, Àbújá ló ń lọ, kí wọ́n tó pín in fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà jìn láti Àbújá dé gọ́tà Ṣómólú, àwọn ẹnu tó wà lójú ọ̀nà sì pọ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé tó bá san án ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní jẹun, mi ò ní wàásù fún un, kó ṣe ohun tó bá lè ṣe. Èmi ò tíì débẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé mi ò ṣe ti kọ́ńpìnnì ìyàwó mi. Kó wá gbogbo ẹ̀dínwó tó bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ẹ̀, mi ò fẹ́ kó ku ẹyọ kan, kí a san ìyókù. Ó mi orí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti di wòlíì. Ó tún ní tí òfin bá ti ní àlàfo, ẹni tó kọ òfin ló yẹ kó lọ dí i, kì í ṣe èmi tó gbà á kọjá. Àwíjàre gidi nìyẹn, mo ṣì ń rò ó. Ohun tí mo lè fi dá a lóhùn ò ju pé àwọn tó kọ òfin ò ní dí i títí ẹnì kan á fi pariwo, ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ò sì ní pariwo láé.

Nítorí náà, ariwo. Àwa onítẹ̀wé òpópónà wa ti kọ lẹ́tà sí kánsù lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà, a sì kọ òmíì sí aṣojú wa ní Àbújá pé kí wọ́n fi àtẹ̀gùn sí ògiri mílíọ̀nù 100 yìí, kó jẹ́ pé owó tó bá lé nìkan ni wọ́n á máa bu owó orí lé. Ti Àbújá, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ti kánsù, ọ̀gá tó gba lẹ́tà wa kọ́kọ́ bi wá bóyá ẹ̀yin wọ̀nyí tiẹ̀ ń san nǹkan kan, ló bá ní kí ẹni tó ní rìsíìtì ọdún tó kọjá gbé e sókè. Àwa tá a lè gbé e sókè ò pọ̀. Mo rí àwọn tí mo mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn ju tèmi lọ tí wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n rọra bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n fún àwa tó kù, ohùn ọ̀gá yẹn yí padà, ó ní ká jókòó, ó pe ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ òde. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá wọn gọ́tà náà, Tuesday tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀yin ará òpópónà wa tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde, ẹ sì mú rìsíìtì yín dání.